Aṣọ Pupa Létí Odò

Wọ́n ti tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀ kí àbúrò bàbá rẹ̀ tó dé.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá láti ìlú, ó gbé páálí kan lé èjìká, ariwo rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé òkè. "Arẹ́rìn-ín dà? Bàbá Ìbéèrè dé o! Ẹ jáde wá gbẹrù!"

Ó gbójú sókè. Láàárín àwọn àgọ́ tí wọ́n pa sórí ilẹ̀ gíga, wọ́n ti fi tapólì bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ kan yọ síta lábẹ́ rẹ̀, kò sí bàtà níbẹ̀. Ó mọ ẹsẹ̀ yẹn. Òun ló di ẹni tó ni ín lọ́wọ́ mú nígbà tó ń kọ́ ìrìn.

Páálí já bọ́. Ìkòkò mẹ́fà tó wọnú ara wọn yí dànù sínú iyanrìn. Ẹ̀bùn ìyàwó tuntun ni.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni ọkùnrin yìí, ọdún kejìlélógún rẹ̀ nìyí lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọmọ tó wà lábẹ́ tapólì yìí ló sọ ọ́ ní Bàbá Ìbéèrè láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, torí kò sí ohun tí ọkùnrin náà kì í béèrè nínú ilé: ta ló mu mílíìkì tán, ta ló fọ́ ife, kí ló dé tí ẹnu rẹ ń dán? Òun náà sọ ọmọ náà ní Arẹ́rìn-ín, torí bí wọ́n bá ń bá a wí gan-an, ẹ̀rín ló máa ń pa. Lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà. "Bàbá Ìbéèrè, ẹ wá bá mi bẹ Bàbá. Atukọ̀ wa fẹ́ fẹ́ mi, ìlú la ó sì máa gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti bẹ̀ wọ́n, wọn ò dá wa lóhùn. Tiyín ni wọ́n á gbọ́."

Ẹni tó wá bá ọmọ bẹ̀bẹ̀ fún ìgbéyàwó, òkú ọmọ ló bá. Kí lèèyàn ń sọ sí irú èyí? Ó kúnlẹ̀, ó ká tapólì, ó wo ojú ọmọ náà. Ó tún un bò. Ó sunkún bí ọkùnrin tí kò bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà, ó gbé fìlà sílẹ̀. Ọ̀gá Odò ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wá pàgọ́ síbẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù mẹ́rin mẹ́rin, kó lè máa ka ọ̀nì fún ìjọba. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀, bàbá á nawọ́ sétí omi, á ní, "Ọ̀kan." Ọmọ á ní, "Mo ti kọ ọ́, Bàbá." Iṣẹ́ wọn nìyẹn láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

"Àbúrò," Ọ̀gá Odò ní, "ọ̀nì ti pa mí."

"Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó lọ pọn omi. Mo ti gun òkè lọ wo ìtẹ́ ọ̀nì láti ìdájí. Nígbà tí mo kọjá lórí àpáta, aṣọ mi wà níbẹ̀ gbangba. Ìgbà tí mo máa padà dé..."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aṣọ yìí, torí òun ni gbogbo ẹjọ́ dá lé. Ọ̀nì kì í kàn ṣàdédé gbé èèyàn. Ó máa ń kọ́ ìṣe èèyàn ni. Bí o bá pọn omi níbì kan lónìí, tí o tún pọn ọ́n níbẹ̀ lọ́la, ó ṣeé ṣe kó o bá a lábẹ́ omi lọ́túnla. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, Ọ̀gá Odò á gbé ìbọn, á wo etí odò títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀, á wá so aṣọ pupa mọ́ òpó níbi tí wọ́n ti máa pọn omi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kì í padà so ó síbì kan náà títí ọ̀sẹ̀ á fi pé. Òun nìkan ló ń so ó, òun nìkan ló ń tú u. Bí o bá rí aṣọ, pọn omi. Bí o ò bá rí i, fara da òùngbẹ. Fún ọgbọ̀n ọdún, odò yẹn ò mú èékánná ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, gbogbo ará àgọ́ rí i pé orí àpáta ló so aṣọ mọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ létí omi ni aṣọ wà. Ìyá Alásè ló yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ sí Bàbá Ìbéèrè létí.

Ó padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹnì kan gbé aṣọ yín, Ẹ̀gbọ́n."

"Fi sílẹ̀. Ọ̀nì ni. Jẹ́ ká lọ sin ọmọ."

"Ọ̀nì kì í tú aṣọ, Ẹ̀gbọ́n."

Bàbá Ìbéèrè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ò bímọ. Àwọn òbí wọn ti lọ tipẹ́. Nínú gbogbo ìdílé náà, àwọn méjèèjì yìí ló kù báyìí, àgbàlagbà méjì tí kò lọ́mọ. "Mo búra fún ọ," ó sọ fún òkú náà. "Ẹni tó gbé aṣọ yẹn, màá mú un. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́."

Ó lọ sí ìdí ọ̀pọ̀tọ́. Aṣọ pupa náà ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Eṣinṣin bo ẹrẹ̀ tó wà láàárín àwọn gbòǹgbò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ìpẹ́ ẹja ló wà níbẹ̀, òmíràn ṣì tutù, òmíràn ti gbẹ kanrankanran. Ìfun ẹja kan há sí gbòǹgbò. Ẹnì kan ti ń fún ọ̀nì lóúnjẹ níbẹ̀, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan.

Háà. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gbé aṣọ síbi tí kò dáa. Wọ́n ti kọ́kọ́ pe ọ̀nì síbẹ̀.

Atukọ̀ ló kọ́kọ́ pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga ni, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ta ló yẹ kó pọn omi láàárọ̀ yìí?"

"Èmi ni, sà. Èmi ló ń pọn ọ́n ní Ọjọ́bọ̀."

"Kí ló dé tí o rán an lọ?"

"Mi ò rán an, sà!" Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n fi gèlè búlúù tó ní òdòdó dì í, ẹ̀jẹ̀ sì ti jáde lára rẹ̀. "Okùn ọkọ̀ ló gé mi lálẹ́ àná. Òun ló fi gèlè rẹ̀ dì í. Láàárọ̀, mi ò lè ká ìka mi kò."

"Ta ló tún mọ̀ pé ọwọ́ rẹ bàjẹ́?"

"Kò sí, sà. Ó ní kí n má jẹ́ kí Bàbá mọ̀. Ó ní, 'Bàbá á ní ọ̀lẹ ni ẹ́, ẹ̀bẹ̀ wa á tún bàjẹ́.' Ó ní òun á sáré bá mi pọn ọ́n kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè."

"Aṣọ ò sí lórí àpáta mọ́. Kò yà á lẹ́nu?"

"Ó pè mí, ó ní Bàbá ti pààrọ̀ ibi o, ọ̀pọ̀tọ́ ni lónìí. Mo ní, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀nì ńlá yẹn máa ń sùn sí lọ́sàn-án? Ó bú sẹ́rìn-ín." Ó fọwọ́ òsì nu ojú. "Ó ní, 'Bí Bàbá mi bá so aṣọ mọ́ ibì kan, mo lè tẹ́ ẹní síbẹ̀ kí n sùn.' Sà, èmi ló yẹ kó gbé."

Bàbá Ìbéèrè fi ọwọ́ lé e léjìká.

Ó kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Alásè. Ìyá arúgbó náà ń ṣa ìkòkò tuntun inú iyanrìn, ó ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ẹni tó ni wọ́n á wá béèrè wọn.

"Màmá, ẹja ni ẹ ń sè ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí?"

"Ẹja ni, ọ̀gá ọlọ́pàá. Kí la tún rí?"

"Níbo ni ẹ ń da ìfun rẹ̀ sí?"

Ìyá náà gbójú sókè. "Kòtò wà lẹ́yìn àgọ́. A kì í dà á sódò. Èmi tí mo ti ń sè níbí láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣé mo wá ya wèrè ni?"

"Mo rí ìfun ẹja ní ìdí ọ̀pọ̀tọ́."

"Ọlọ́run ló máa bá mi dájọ́!" Ó fi aṣọ nu ojú. "Èmi kọ́ o. Láti ọjọ́ Àìkú, Ọ̀gá Odò fúnra wọn ló ń bá mi gbé korobá ìfun lọ sí kòtò. Wọ́n ní orúnkún ń dùn mí, kí n sinmi. Mo tilẹ̀ ń ṣàdúrà fún wọn pé wọ́n ti wá ń ṣàánú arúgbó."

"Ta ló lọ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀nì ti gbé ọmọ?"

"Èmi ni. Mo sáré pàdé wọn lójú ọ̀nà. Mo pariwo pé, 'Ọ̀gá, ọ̀nì ti gbé èèyàn!' Wọn ò bi mí ta ni. Wọn ò bi mí níbo. Wọ́n kàn kọjá lára mi, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sí ìdí ọ̀pọ̀tọ́. Ìgbà tí wọ́n rí sálúbàtà rẹ̀ lórí ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣubú lulẹ̀. Lẹ́yìn náà la fi ọkọ̀ gbé òkú rẹ̀ jáde nínú omi. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ."

Ọkùnrin náà lọ sídìí kòtò. Ó fi igi tú u. Ìpẹ́ tó gbẹ, eérú, agolo. Kò sí eṣinṣin kan níbẹ̀. Wọn ò da ohun tutù síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó jókòó sórí ilẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyá arúgbó lè purọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ku ẹnì kan tí òun ò tíì bi.

Ẹni yẹn ni Onífọ́tò, àlejò kan tó ti wà pẹ̀lú wọn fún oṣù kan, tó ń ya ẹyẹ àti ọ̀nì. Bàbá Ìbéèrè kọlù ú bí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ àlejò náà ló jẹ̀bi. Kí Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ dán wa wò.

"Wọ́n ní o máa ń ju ẹja sí ọ̀nì kí o lè yà wọ́n!"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, sà, ní òdìkejì odò, lọ́sẹ̀ tí mo dé. Ọ̀gá Odò bú mi débi pé mo fẹ́ ká àgọ́ mi. Mi ò dán an wò mọ́."

"O sì ní o fẹ́ fẹ́ Arẹ́rìn-ín."

Ojú tì í. "Mo sọ fún un. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ wẹ̀, pé òórùn mi ń lé ẹyẹ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Sà, kò sẹ́ni tó lè bá ọmọ yẹn bínú."

"Níbo lo wà láàárọ̀?"

"Lẹ́yìn àgọ́, lórí ibi tó ga díẹ̀. Mo ń ya ìkùukùu lórí odò." Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá, ó ṣí àwòrán náà. "Ẹ wò ó. Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Àwọn yòókù ṣì ń sùn."

Àwòrán tó rẹwà ni. Ìkùukùu bo odò. Ní apá ọ̀tún, ọkùnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká ń gun ọ̀nà òkè lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àpáta sẹ́yìn. Òpó dúró lórí àpáta. Òpó lásán. Kò sí aṣọ lára rẹ̀.

Bàbá Ìbéèrè wo àwòrán yẹn títí iná ojú kámẹ́rà fi kú. "Tún ṣí i," ó ní. Onífọ́tò tún ṣí i. Òpó náà ṣì wà lásán.

Ó wọ àgọ́ Arẹ́rìn-ín. Ìwé tí wọ́n ń ka ọ̀nì sí wà lórí àpótí, ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù, pẹ́ńsù rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ṣí i sí ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ Ajé: "Ìdí ọ̀pọ̀tọ́, ọ̀sán, ọ̀nì ńlá kan, ìrù rẹ̀ gé." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: "Ìdí ọ̀pọ̀tọ́, ọ̀sán, onírù gígé ṣì wà." Ọjọ́rú: "Onírù gígé kò kúrò. Bàbá, kí a má so aṣọ síbẹ̀ o." Ní ẹsẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe ní gbogbo alẹ́. Ó ti kà á.

Ní ẹ̀gbẹ́ ti Ọjọ́rú, ó fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ pé: "Bàbá Ìbéèrè ń bọ̀ lọ́la! Ọ̀rọ̀ bùṣe!"

Láti ọ̀sán ló ti ń wá ẹni tó fẹ́ kí Arẹ́rìn-ín kú. Kò sí. Kò tilẹ̀ sí rárá. Bàbá Ìbéèrè ti béèrè ìbéèrè tí kò tọ́. Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe ọjọ́ ọmọ yẹn. Ọjọ́ Atukọ̀ ni.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àpáta, níbi tó lọ jókòó sí nítorí pé kò lè wo tapólì yẹn mọ́. Ó jókòó tì í. Oòrùn ti ń rọ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní aṣọ wà níbí nígbà tí ẹ kọjá."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Onífọ́tò ya yín. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò níbí. Òpó ò ní aṣọ."

Ọ̀gá Odò ń wo omi.

"Ẹ̀yin lẹ ń gbé ìfun ẹja. Kò dé kòtò. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nì wà níbẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá Alásè pariwo pé ọ̀nì ti gbé èèyàn, ẹ ò bi í ta ni, ẹ ò bi í níbo. Ẹ ti mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ rò pé ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa bá níbẹ̀." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Mo bẹ̀ yín. Ẹ bú mi."

Ọ̀gá Odò mí kanlẹ̀. "Ìyá rẹ̀ lọ, mo ní ó dáa, ó ku ọmọ. Ọmọkùnrin yẹn wá fẹ́ mú un lọ sí ìlú. Ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀? Mo ti rò pé á sú wọn. Mo wá kà á nínú ìwé lálẹ́ àná pé ìwọ náà ń bọ̀. Mo mọ̀ pé bí o bá bẹ̀ mí, màá gbà. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu rí láti kékeré."

"Ẹ̀ bá jẹ́ kí n bẹ̀ yín!"

"Ìfun ẹja yẹn, mo kàn ń dà á síbẹ̀ ni. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé mi ò ní ṣe é. Láàárọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo tú aṣọ, mo so ó mọ́ ọ̀hún. Ọjọ́ ọmọkùnrin yẹn ni. Ọjọ́ tiẹ̀ ni, àbúrò!"

"Okùn gé e lọ́wọ́. Ọmọ yín ò fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ má baà pè é ní ọ̀lẹ. Atukọ̀ ní kó ṣọ́ra fún ibẹ̀. Ó ní bí ẹ bá so aṣọ mọ́ ibì kan, òun lè tẹ́ ẹní síbẹ̀ kí òun sùn."

Ohùn kan jáde lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò gbọ́ rí. Ó pẹ́ kó tó tún di ọ̀rọ̀.

"Mi ò jìnnà. Ẹ̀yìn àpáta òkè yẹn ni mo wà. Ìbọn wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ igbe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo jókòó, mo di etí, mo ń ka àwọn ọ̀nì tó wà lórí iyanrìn kí n má baà gbọ́ èkejì. Mo ka méje." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi gbọ́ ohùn ọmọ yẹn. Mi ò dá a mọ̀."

Wọ́n máa ń ní ẹni bá da eérú leérú ń tọ̀. Àwọn tó ń pa á lówe ò rí ojú ẹni tí eérú tọ̀ rí.

Bàbá Ìbéèrè dìde. "Ẹ nìṣó, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò mú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá."

"Má dè mí. Níbo ni màá sá lọ?"

Ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di apá rẹ̀ mú sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Nígbà tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Atukọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò pariwo. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú gèlè, ó sì lọ tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ọkọ̀ tó gbé Bàbá Ìbéèrè wá ti padà, kò sì sẹ́lòmíràn tó lè tù wọ́n dé ìlú.

Wọ́n tẹ́ Arẹ́rìn-ín sí àárín ọkọ̀. Ìyá Alásè kó ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó kó wọn kúrò. Ọ̀gá Odò jókòó síwájú, níbi tó máa ń jókòó sí. Bàbá Ìbéèrè jókòó lẹ́yìn rẹ̀, lórí pákó kékeré tí ọmọ náà ti máa ń kọ̀wé.

Wọ́n rìn díẹ̀. Níbi tí odò ti yà, ọ̀nì kan na ara sórí iyanrìn, ó la ẹnu sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá Odò na ọwọ́ sí i kó tó mọ̀.

"Ọ̀kan," ó ní.

Ó sì dúró, bó ṣe máa ń dúró, kí wọ́n dá a lóhùn.